A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Ìwádìí Jíìnì àti Ọ̀rọ̀ Àwọn Ẹ̀yà Tí Kò Pọ̀ Níye

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, àwọn tó ti tutọ́ sínú ike kékeré ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ 23andMe ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè mọ ibi tí ìran wọn ti ṣẹ̀ wá, gbọ́ pé olè ti jà nílé iṣẹ́ náà. Kì í ṣe owó ni wọ́n jí. Àkáǹtì tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì yìí já wọ̀ kò ju nǹkan bí 14,000 lọ, torí àwọn tó ni ín ti lo ọ̀rọ̀ ìwọlé kan náà níbòmíràn tí àṣírí rẹ̀ ti tú tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi máa palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, àkọsílẹ̀ nípa nǹkan bí 6.9 mílíọ̀nù èèyàn ló ti wà lọ́wọ́ wọn.

Ètò kan wà nílé iṣẹ́ náà tó ń fi oníbàárà mọ àwọn ìbátan rẹ̀ tí DNA wọn, ìyẹn àkọsílẹ̀ ogún inú ara, bá tirẹ̀ mu. Ilẹ̀kùn ẹnì kan péré ni olè já, ó sì bá ojúlé gbogbo mọ̀lẹ́bí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá pàtẹ ohun tí wọ́n jí, orúkọ ẹ̀yà ni wọ́n fi polówó ọjà: àwọn Júù Ashkenazi, ìyẹn àwọn Júù tí ìran wọn ti àárín àti ìlà-oòrùn Yúróòpù wá, àti àwọn tí ìran wọn ti Ṣáínà wá.

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ilé iṣẹ́ náà forí lé ilé ẹjọ́ pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn. Kí wọ́n tó tà á ní 305 mílíọ̀nù dọ́là fún àjọ kan tí Anne Wojcicki, ọ̀kan lára àwọn tó dá 23andMe sílẹ̀, gbé kalẹ̀, nǹkan bí 1.9 mílíọ̀nù oníbàárà ti sọ pé kí wọ́n pa àkọsílẹ̀ àwọn rẹ́. Wọ́n gbìyànjú. Àmọ́ ẹni tó pa tirẹ̀ rẹ́ kò lè bá àbúrò rẹ̀ pa tirẹ̀ rẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan bí ìdajì jíìnì tí àbúrò yẹn jogún ni òun náà jogún.

Gbòǹgbò gbogbo àríyànjiyàn tó wà lórí ìwádìí jíìnì láàrin àwọn ẹ̀yà tí kò pọ̀ níye wà nínú gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ni òfin ìwádìí ìṣègùn ń wò: olùwádìí á ṣàlàyé, ẹni náà á gbọ́, á fọwọ́ síwèé, ó parí. Jíìnì kò mọ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ogún ni, láti ọwọ́ bàbá àti ìyá ló ti wá, ọ̀dọ̀ ọmọ ló sì ń lọ. Bí ẹ̀yà kan bá kéré, tí wọ́n sì ti ń fẹ́ ara wọn láti ìgbà pípẹ́, ohun tí wọ́n bá rí nínú ẹ̀jẹ̀ àádọ́ta èèyàn lè sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó kọ̀ láti fọwọ́ síwèé, àti ọmọ tí wọn ò tíì bí. Nínú ẹ̀yà ńlá, èèyàn lè sá sáàárín èrò. Nínú ẹ̀yà tí gbogbo wọn kò ju nǹkan bí 650 lọ, èrò wo ló wà níbẹ̀?

Ẹ̀jẹ̀ inú fíríìsà

Iye tí àwọn Havasupai, ẹ̀yà onílẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, jẹ́ nìyẹn. Ìsàlẹ̀ àfonífojì ńlá Grand Canyon, ní ìpínlẹ̀ Arizona, ni abúlé wọn, Supai, wà. Mọ́tò kò débẹ̀. Ìbaaka ló ń gbé lẹ́tà sọ̀kalẹ̀ fún wọn títí dòní. Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, àtọ̀gbẹ ti wọ àárín wọn débi pé wọ́n ń gé ẹsẹ̀ àwọn kan, àwọn mìíràn sì ní láti fi abúlé sílẹ̀ kí wọ́n lè máa rí ìtọ́jú. Nígbà tí olùkọ́ kan ní Arizona State University, tó ti bá wọn dọ́rẹ̀ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mú onímọ̀ jíìnì wá láti yunifásítì náà, ara tù wọ́n. Láti ọdún 1990, wọ́n na apá sílẹ̀, wọ́n fún wọn lẹ́jẹ̀. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé wọ́n fẹ́ mọ ohun tó ń fa àtọ̀gbẹ.

Ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fọwọ́ sí fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbólóhùn tó wà níbẹ̀ gba onírúurú àìsàn, títí kan ti ìwà àti ọpọlọ. Ìwádìí àtọ̀gbẹ kò fi bẹ́ẹ̀ so èso. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú fíríìsà. Àwọn olùwádìí wá bẹ̀rẹ̀ sí fi wá nǹkan mìíràn: àrùn ọpọlọ schizophrenia, bí àwọn ará abúlé náà ṣe ń fẹ́ ìbátan ara wọn tó, àti ọ̀nà tí àwọn baba ńlá wọn gbà dé Amẹ́ríkà láti ilẹ̀ Éṣíà. Ìwé jáde lórí rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ sì fi gba oyè.

Ní ọdún 2003, Carletta Tilousi, ọmọ Havasupai tó ti fún wọn lẹ́jẹ̀, wà níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ń ṣàlàyé iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní yunifásítì náà. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yà tirẹ̀ ló gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó nawọ́, ó béèrè bóyá wọ́n gba àṣẹ kí wọ́n tó fi ẹ̀jẹ̀ náà ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀yà náà fi lé àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì náà kúrò lórí ilẹ̀ wọn. Ẹjọ́ tẹ̀ lé e. Ní ọdún 2010, yunifásítì san 700,000 dọ́là fún èèyàn 41, wọ́n sì dá ẹ̀jẹ̀ tó kù padà. Àwọn tó lọ gbà á bá ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹbí wọn tó ti kú níbẹ̀.

Àwọn kan ṣì ń sọ pé kò sẹ́ni tó ṣe Havasupai níkà: ẹ̀jẹ̀ ti jáde, sáyẹ́ǹsì jàǹfààní, kí ló kù? Lójú tèmi, ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì wà nínú ẹ̀yà tí ìwé kan lè bà lórúkọ jẹ́ lápapọ̀. Ohun tí àwọn àgbà Havasupai ń kọ́ àwọn ọmọ wọn ni pé inú àfonífojì yẹn ni wọ́n ti ṣẹ̀, àwọn sì ni olùṣọ́ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ ìwòsàn ẹsẹ̀. Wọ́n gba ìwé tó ní irọ́ ni ìtàn wọn, tó tún so wọ́n mọ́ wèrè àti fífẹ́ ìbátan. Fọ́ọ̀mù wà, ìfọwọ́sí wà, àmọ́ orí tí wọ́n fá kì í ṣe èyí tí olórí ní kí wọ́n fá.

Wọn kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́. Ní ilẹ̀ Kánádà, ẹ̀yà onílẹ̀ Nuu-chah-nulth fi ẹ̀jẹ̀ èèyàn 883 sílẹ̀ láàrin ọdún 1982 sí 1985 nítorí àrùn oríkèé ara. Ẹ̀jẹ̀ yẹn bá olùwádìí náà rìnrìn àjò láti yunifásítì kan sí òmíràn, wọ́n ń fi wá orírun ẹ̀yà, ọdún 2004 ló tó padà sílé. Ní ọdún 1995, ìjọba Amẹ́ríkà gba ìwé ẹ̀tọ́ oníǹkan lórí sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú láti ara ọkùnrin ẹ̀yà Hagahai kan ní Papua New Guinea. Ariwo pọ̀, wọ́n sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ṣáájú ìgbà náà pàápàá, nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì dábàá ní ọdún 1991 pé káwọn kó ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹ̀yà kéékèèké jọ káàkiri ayé kí wọ́n tó parẹ́, àwọn ẹ̀yà náà sọ iṣẹ́ ọ̀hún ní iṣẹ́ amùjẹ̀.

Àìsí níbẹ̀ náà ń pani

Ṣé kí àwọn ẹ̀yà kékeré wá máa sá fún ìwádìí ni? Àwọn Navajo, ẹ̀yà onílẹ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà tí wọ́n pọ̀ ju Havasupai lọ dáadáa, fòfin de ìwádìí jíìnì lórí ilẹ̀ wọn ní ọdún 2002, kò sì sẹ́ni tó lè dá wọn lẹ́bi. Àmọ́ ẹni tí kò sí nínú àkọsílẹ̀, dókítà kò mọ bí ara rẹ̀ ṣe rí.

Àwọn olùwádìí Alice Popejoy àti Stephanie Fullerton ṣírò rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature ní ọdún 2016. Wọ́n wo àwọn ìwádìí ńlá tó ń wá jíìnì tó so mọ́ àìsàn, wọ́n sì rí i pé 81 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó kópa ló jẹ́ ìran Yúróòpù. Ní ọdún 2009, 96 ni. Ìran Áfíríkà jẹ́ 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ káàkiri ayé, gbogbo wọn pa pọ̀, kò ju 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún lọ: nínú 10,000 èèyàn, márùn-ún péré.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń fà. Àrùn kan wà tó ń mú kí iṣan ọkàn nípọn, tó sì lè pa ọ̀dọ́ eléré ìdárayá lójijì lórí pápá. Wọ́n ń yẹ jíìnì wò láti mọ ẹni tó lè ní in. Ní ọdún 2016, ìwádìí kan fi hàn pé wọ́n ti sọ fún àwọn aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà pé jíìnì wọn ló ń fa àrùn náà, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe jíìnì ọ̀hún. Ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú, kì í sì í ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, nítorí náà ohun tó ṣọ̀wọ́n lára funfun di àìsàn lára dúdú. Ká ní wọ́n kó ìwọ̀nba aláwọ̀ dúdú díẹ̀ mọ́ àwọn tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n náà ni, wọn ì bá ti rí àṣìṣe yẹn.

Ibi tí wọ́n bá sì ti kó èèyàn mọ́ra, gbogbo ayé ló ń jẹ èrè rẹ̀. Ní Dallas, ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí Helen Hobbs àti Jonathan Cohen wo ẹ̀jẹ̀ onírúurú èèyàn, wọ́n sì rí àwọn aláwọ̀ dúdú kan tí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn kéré gan-an nítorí pé jíìnì kan tó ń jẹ́ PCSK9 kò ṣiṣẹ́ lára wọn. Ní ọdún 2006, wọ́n gbé e jáde pé nǹkan bí 2.6 nínú ọgọ́rùn-ún aláwọ̀ dúdú tí àwọn wò ló gbé irú jíìnì bẹ́ẹ̀, ewu àrùn ọkàn lára wọn sì fi 88 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn yòókù. Àwọn ilé iṣẹ́ oògùn gbá a mú. Ní ọdún 2015, oògùn méjì tó ń ṣe bíi jíìnì tí kò ṣiṣẹ́ náà dé ọjà Amẹ́ríkà, iye tí wọ́n sì pe ìlò rẹ̀ lé ní 14,000 dọ́là lọ́dún. Àwọn tí ara wọn fi ọ̀nà han oògùn yẹn wà lára àwọn tí owó rẹ̀ nira fún jù.

Kí n tó kúrò níbí: gbogbo èyí kò sọ pé àwọ̀ ara jẹ́ irú ẹ̀dá ọ̀tọ̀. DNA èèyàn méjì èyíkéyìí láyé bára mu tó 99.9 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyàtọ̀ tó sì wà láàrin àwọn ọmọ ẹ̀yà kan náà pọ̀ ju èyí tó wà láàrin ẹ̀yà sí ẹ̀yà lọ. Ẹni tó bá gbàgbé èyí á ṣe bíi ti àwọn olùwádìí kan ní ọdún 2006, tí wọ́n so jíìnì MAOA, tí wọ́n fún ní orúkọ "jíìnì jagunjagun", mọ́ àwọn Māori ilẹ̀ New Zealand. Kíá ni ìwé ìròyìn ti sọ ọ́ di pé ìwà ipá wà lẹ́jẹ̀ Māori. Àwọn onímọ̀ mìíràn já a ní koro, àmọ́ ìnagijẹ náà kò tíì kú.

Iwin tí wọ́n ń wá kiri ní Jámánì

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá wá tún yàtọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2007, wọ́n yìnbọn pa ọlọ́pàábìnrin kan ní ìlú Heilbronn, ní Jámánì. DNA tí wọ́n rí níbẹ̀ jẹ́ ti obìnrin kan tí wọ́n ti bá DNA rẹ̀ pàdé níbi ìwà ọ̀daràn mìíràn. Bí wọ́n ṣe ń wá a ló ń pọ̀ sí i: nǹkan bí ogójì ibi, ní Jámánì, Austria àti Faransé, látorí ìpànìyàn dórí olè jíjà pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́. Kò sẹ́ni tó rí obìnrin náà rí, ni wọ́n bá ń pè é ní iwin Heilbronn. Àyẹ̀wò jíìnì kan ní kó jọ pé ìlà-oòrùn Yúróòpù ni ìran rẹ̀ ti wá. Torí pé àwọn aṣíkiri wà nítòsí lọ́jọ́ tí wọ́n pa ọlọ́pàá náà, ojú ìfura bọ́ sára àwọn Roma àti Sinti, àwọn ẹ̀yà tí kò pọ̀ níye ní Yúróòpù, àwọn ìwé ìròyìn sì gbè é lẹ́sẹ̀.

Ní ọdún 2009, àṣírí tú. Kò sí iwin kankan. DNA òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan tó ń di igi olówùú sínú páálí ni, àwọn igi olówùú tí àwọn ọlọ́pàá fi ń nu ojú ibi ìwà ọ̀daràn. Gbogbo ibi tí wọ́n bá gbé igi náà dé ni DNA rẹ̀ ń dé. Nígbà tó fi di 2011, ó hàn pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ẹlẹ́mìí Násì ló pa ọlọ́pàábìnrin náà. Ẹ̀yà tí àwọn Násì pa ní ìpakúpa ni wọ́n fi ọdún méjì fura sí nítorí òwú.

Àṣìṣe ni ti Jámánì. Ti Xinjiang, ní Ṣáínà, kì í ṣe àṣìṣe. Ní oṣù kejìlá ọdún 2017, àjọ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn Human Rights Watch gbé e jáde pé ìjọba ń gba DNA gbogbo àwọn ọmọ ọdún 12 sí 65 lágbègbè náà, níbi tí àwọn Uyghur, ẹ̀yà tí kò pọ̀ níye ní Ṣáínà, pọ̀ sí, wọ́n sì ń gba ti àwọn kan níbi àyẹ̀wò ìlera ọ̀fẹ́. Ẹni tó lọ ń yẹ ìfúnpá ara ẹ̀ wò kò mọ pé òun ń wọ ìwé àwọn agbófinró. Ní ọdún 2019, ilé iṣẹ́ Thermo Fisher ti Amẹ́ríkà kéde pé òun kò ní ta ẹ̀rọ àyẹ̀wò DNA sí Xinjiang mọ́.

Àrùn méjì tó jọra, ọ̀nà méjì tí kò jọra

Fún ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó ń ya ìwádìí tó gbani yàtọ̀ sí èyí tó dójú tini, kò sí ẹ̀kọ́ tó dáa tó ìtàn àrùn méjì yìí ní Amẹ́ríkà, láàrin ọdún 1970 sí 1980.

Àwọn méjèèjì, fòníkú-fọ̀ladìde àti Tay-Sachs, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà ń wọlé. Bí bàbá bá gbé jíìnì kan, tí ìyá náà gbé kan, ara àwọn méjèèjì á le koko, àmọ́ ọmọ kan nínú mẹ́rin lè gba méjèèjì, kí àìsàn sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú ni fòníkú-fọ̀ladìde ń bá jà jù ní Amẹ́ríkà. Àwọn Júù Ashkenazi ni Tay-Sachs wọ́pọ̀ láàrin wọn; ó máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í ju ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ.

Ti fòníkú-fọ̀ladìde, ìjọba ló gbé e wá látòkè. Àwọn ìpínlẹ̀ kan sọ àyẹ̀wò di dandan fún aláwọ̀ dúdú, àwọn tó kọ òfin náà kò sì mọ ìyàtọ̀ AS sí SS. Àwọn tó jẹ́ AS, tí nǹkan kan ò ṣe, pàdánù iṣẹ́, àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò sì fowó kún tiwọn. Títí di ọdún 1981, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun òfuurufú Amẹ́ríkà kì í gba ọ̀dọ́ tó bá jẹ́ AS.

Ti Tay-Sachs, ẹ̀yà náà ni wọ́n kọ́kọ́ lọ bá. Ní ọdún 1971, kí dókítà Michael Kaback tó gba ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni lágbègbè Baltimore, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bá àwọn rábì àti àwọn ìdílé sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Èèyàn fẹsẹ̀ ara wọn wá. Àwọn ọmọ tó ń ní àrùn náà láàrin Júù Amẹ́ríkà àti Kánádà fi ohun tó lé ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù.

Èyí tó wá wù mí jù ni ti Rábì Josef Ekstein, tí Tay-Sachs pa ọmọ mẹ́rin mọ́ lọ́wọ́. Láàrin àwọn Júù tó rọ̀ mọ́ ẹ̀sìn gan-an ní New York, alárinà ló ń so ọ̀dọ́ pọ̀, ẹni tí wọ́n bá sì gbọ́ pé jíìnì burúkú wà nílé wọn, ọkọ tàbí aya á ṣòro fún un àti fún àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀. Ohun tí Ekstein ṣe ní ọdún 1983 ni pé ó dá Dor Yeshorim sílẹ̀. Ọ̀dọ́ á fún wọn lẹ́jẹ̀, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà. Wọn kò ní sọ èsì fún un. Bí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ bá délẹ̀, ẹbí méjèèjì á pe nọ́ńbà àwọn ọmọ wọn ránṣẹ́, ohun tí wọ́n á sì gbọ́ ni bóyá àwọn méjèèjì bára mu tàbí wọn kò bára mu.

Àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀tọ́ aláìsàn ń bínú sí i, wọ́n ní kò yẹ kí wọ́n fi èsì pa mọ́ fún ẹni tó ni ara. Òótọ́ wà níbẹ̀, mi ò sì ní sọ pé kí gbogbo ayé ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí rábì yìí mọ̀ tí àwọn aṣòfin kò mọ̀: kì í ṣe jíìnì nìkan ló ń ba ayé èèyàn jẹ́, ẹnu àwọn aládùúgbò náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń gbé láàrin ẹ̀yà náà nìkan ló lè mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Ta ló di kọ́kọ́rọ́ mú?

Òfin ti ń gbìyànjú. Ní Amẹ́ríkà, òfin GINA ti ọdún 2008 sọ pé agbanisíṣẹ́ àti adójútòfò ìlera kò gbọdọ̀ fi jíìnì ẹnikẹ́ni yà á sọ́tọ̀. Kò kan ìdójútòfò ẹ̀mí. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló sì ń dáàbò bò. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀yà tí ìwé ìwádìí bà lórúkọ jẹ́.

Nítorí náà, àwọn ẹ̀yà náà ti ń ṣe tiwọn. Ní ọdún 2010, wọ́n gbé ìwé jáde nípa DNA àwọn àgbà mélòó kan lára ẹ̀yà onílẹ̀ San ní gúúsù Áfíríkà. Àwọn olórí San bínú pé àwọn àgbà yẹn nìkan ni wọ́n bá sọ̀rọ̀, wọn kò bá ìgbìmọ̀ wọn sọ ọ́, àti pé àwọn ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé náà tàbùkù àwọn. Ní ọdún 2017, wọ́n kọ ìlànà tiwọn fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣèwádìí lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀kan lára àwọn àgbà tó fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe iṣẹ́ ni Andries Steenkamp, ẹni tó máa ń sọ fún àwọn olùwádìí nígbà ayé rẹ̀ pé ẹnu ọ̀nà ni kí wọ́n máa gbà wọlé, kì í ṣe ojú fèrèsé.

Ní South Dakota, lórí ilẹ̀ àwọn Cheyenne River Sioux, ilé kan wà tó ń jẹ́ Native BioData Consortium, tí àwọn onímọ̀ jíìnì ọmọ onílẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2018. Fíríìsà wà níbẹ̀, ẹ̀rọ wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ fúnra wọn. Kò tóbi tó àwọn ilé àkójọ ẹ̀jẹ̀ tí ìjọba ń fi bílíọ̀nù dọ́là ṣe. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà nítorí àtọ̀gbẹ wá ohun mìíràn níbẹ̀, yóò ní láti padà wá kanlẹ̀kùn.